Wọ́n Ní Kí A Má Fọwọ́ Kàn Án

Àpò kajú méjì ló sọnù lóko ẹnì kan ní abúlé wa, lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bàbá mi gba ẹ̀gbẹ́ oko náà kọjá lọ́jọ́ yẹn, wọ́n sì bi í léèrè. Ó ní òun kò mú un. Àwọn kan gbà á gbọ́, àwọn kan ń fojú bá a lọ tó bá ti ń kọjá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, òjò àkọ́rọ̀ ṣú, àrá sán, bàbá mi kú lábẹ́ igi màńgòrò. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún béèrè ẹni tó kó kajú. Wọ́n ní àrá ti bá wọn dá ẹjọ́ náà.

Mo wà níbẹ̀. Èmi àti ìyá mi ti sáré wọ inú ahéré. Bàbá mi dúró lábẹ́ igi, ọkọ́ rẹ̀ wà léjìká, ó ń retí kí òjò dínkù díẹ̀ kó tó sáré wá bá wa. Ìmọ́lẹ̀ funfun kan bo gbogbo ibẹ̀. Nígbà tí ojú mi là, ó ti wà nílẹ̀, fìlà rẹ̀ sì wà níwọ̀n ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí i. Mo sáré jáde. Ìyá mi di ẹ̀yìn bùbá mi mú, ó fà mí padà títí aṣọ náà fi ya.

“Má fọwọ́ kàn án! Má fọwọ́ kàn án o!”

Ó ń pariwo rẹ̀ bí ẹni pé ara rẹ̀ gan-an ló ń sọ ọ́ fún.

Àwọn tó wà lóko ìtòsí dé, wọ́n dúró yí i ká lókèèrè díẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ kankan kò gbọdọ̀ kan ẹni tí àrá bá pa, àfi kí àwọn tó ń bọ Ṣàngó kọ́kọ́ wá ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n ránṣẹ́ sí wọn ní abúlé kejì. Ọ̀sán ni nígbà yẹn. Oòrùn ti ń wọ̀ kí wọ́n tó dé. Gbogbo àkókò yẹn, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà ahéré, mo ń wo bàbá mi. Ojú rẹ̀ kọ sí wa. Ẹnikẹ́ni kò mú fìlà náà nílẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá mi di ẹni tí wọ́n ń kí láti ọ̀ọ́kán. Wọ́n ń ra gààrí lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í jókòó tì í. Èmi náà, nílé ẹ̀kọ́, ẹni tí mo bá jókòó tì á fa ìwé rẹ̀ sún mọ́ra. Ọdún kejì girama ni mo fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe nítorí owó nìkan. Mo ti di ẹni tí kì í lè sọ̀rọ̀. Olùkọ́ á bi mí ní ìbéèrè, màá mọ ìdáhùn, á wà lẹ́nu mi, kò ní jáde.

Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, wọ́n bá mi wá iṣẹ́ àgbàfọ̀ sí Sùúrùlérè ní Èkó. Ọdún kẹfà mi nìyí níbẹ̀. Ìyá mi ṣì wà ní abúlé, òun nìkan. Ọjọ́ Àìkú la máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré. Ṣé ara le, ṣé ẹ ti jẹun, báwo ni orúnkún yín. Kò mẹ́nu ba ọjọ́ yẹn fún mi rí. Ṣùgbọ́n tí ìgbà òjò bá ti ń wọlé, yóò béèrè pé, “Ṣé àrá ń sán ní Èkó náà?” Màá ní, “Ó ń sán, Màámi.” Á wá dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn, kajú ni mo máa ń gbọ́. Mo gbà pé ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn ni bóyá olè ni ọkọ òun. Mo sì ń wá ohun kan, ohunkóhun, tí màá lè sọ fún un tí ọkàn rẹ̀ á fi balẹ̀ kó tó darúgbó. Èmi tí n kò lè sọ̀rọ̀.

Ilé àgbàfọ̀ wa wà ní ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta kan, kò jìnnà sí Ìdí-Àràbà. Iwájú ni wọ́n ti ń gba aṣọ, àárín ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́, ẹ̀yìn ni èmi wà pẹ̀lú bàsíà ńlá mẹ́rin. Yàrá kékeré kan wà níbẹ̀ tí mo ń sùn sí, láàárín àwọn aṣọ tí wọn kò tíì wá gbà. Mi ò mọ orúkọ àwọn oníbàárà. Nọ́ńbà ni a ń kọ sí ọrùn aṣọ wọn. Mo mọ ẹni tó ń làágùn púpọ̀. Mo mọ ẹni tó ti ń sanra. Mo mọ obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kó lọ, nítorí pé aṣọ ọkùnrin kò sí nínú ẹrù rẹ̀ mọ́. Tí wọ́n bá pàdé mi lójú títì, wọn kì í mọ̀ mí.

Àwa mẹ́ta la wà níbẹ̀. Ẹni tó ni ilé àgbàfọ̀ náà là ń pè ní Àǹtí. Ìlúpéjú ló ti ń wá láràárọ̀. Èèyàn dáadáa ni, ariwo rẹ̀ ló kàn pọ̀. Ẹnì kejì ni Bọ̀ọ̀dá tó ń lọ aṣọ, ọkùnrin kan tó ti lé ní ogójì ọdún, tí kò lè ṣe wákàtí kan láìdápàárá. Òun ló sọ mí ní Ìyá Ariwo, nítorí pé n kì í sọ̀rọ̀.

Orí òrùlé ni a ń sá aṣọ sí. Kọnkéré ni, ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n ri ọ̀pá irin mẹ́fà mọ́ ọn, wọ́n sì ta wáyà láàárín wọn. Láti ibẹ̀, mo máa ń rí àwọn òrùlé páànù Mushin tó ti dógùn-ún, àti táǹkì omi dúdú káàkiri. Kò sí ohun tó ga ju àwọn ọ̀pá wa lọ nítòsí.

Àǹtí ní òfin kan. Tí òjò bá ti ṣú, kí n sáré gòkè, kí n sì kọ́kọ́ ká aṣọ pupa. Ọ̀dọ̀ ìyá tó tọ́ ọ dàgbà ló ti mú un wá: ibi tí àrá bá ti rí pupa ló ń já sí. Òun fúnra rẹ̀ á fa aṣọ bo dígí ńlá tó wà níwájú, á pa fóònù rẹ̀, á wá dúró ní ìdí àtẹ̀gùn, á máa pariwo, “Pupa! Pupa kọ́kọ́! Fi funfun sílẹ̀!” Ọdún márùn-ún ni mo fi gòkè bẹ́ẹ̀. Àrá á máa sán lórí mi, màá máa wá pupa láàárín ọgọ́rùn-ún aṣọ, gáùn, yẹ̀rì ọmọ iléèwé, aṣọ bọ́ọ̀lù, aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì. Mo máa ń dijú kí n tó fọwọ́ kan wáyà náà. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni pé àrá ló pa bàbá mi. Ní Èkó, kò sẹ́ni tó mọ̀. Nínú ọkàn mi, mo gbà pé tí àrá bá mú èmi náà, á jẹ́ pé ohun tí wọ́n sọ nípa ilé wa jóòótọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí, lọ́sàn-án ọjọ́ kan, akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan wá gba yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Nọ́ńbà mẹ́tàdínlọ́gọ́rin ni. Bírò máa ń jò sí àpò àyà aṣọ funfun rẹ̀, èmi ni mo sì máa ń fi ọsàn wẹ́wẹ́ yọ ọ́. Bó ṣe ń ka aṣọ rẹ̀ ni ojú ọjọ́ ṣókùnkùn. Àrá kùn láti apá Ijora. Àǹtí fa aṣọ bo dígí.

“Ìyá Ariwo! Pupa!”

Mo ti gbé ẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn.

“Níbo ló ń lọ?” Nọ́ọ̀sì náà ló béèrè.

“Ó fẹ́ lọ ká aṣọ pupa,” Àǹtí dá a lóhùn. “Kí àrá má bàa já lé wa lórí.”

“Lórí òrùlé? Báyìí?” Ó gbé aṣọ rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ pè é padà. Kíá.”

Àǹtí rẹ́rìn-ín. “Ọmọ nọ́ọ̀sì, abẹ́rẹ́ ni tìẹ, aṣọ ni tèmi.”

“Mà, àrá ò mọ pupa yàtọ̀ sí búlúù. Ohun tó bá ga ló ń wá. Kí lẹ fi aṣọ kọ́ lókè? Okùn ni àbí wáyà?”

“Wáyà ni.”

“Lára ọ̀pá irin?”

“Kí la fẹ́ ta á mọ́ tẹ́lẹ̀, ìrẹsì?”

“Ẹ wá ń rán èèyàn lọ dì í mú, mà.”

Bọ̀ọ̀dá gbé áyọ́nù rẹ̀ dúró. “Ẹ̀yin ọmọ ìwé yìí! Ṣé ẹ wá fẹ́ sọ pé Ṣàngó ò sí ni?”

“Ẹ̀gbọ́n, mi ò bá Ṣàngó jà o. Mo kàn ní kó sọ̀ kalẹ̀ ni. Ẹ̀yin náà, ẹ yọ áyọ́nù yẹn lára iná.”

“Kí ni áyọ́nù mi ṣe ẹ?”

“Àrá lè gba wáyà iná wọlé. Ó lè gba páìpù omi. Ẹni tó ń wẹ̀, ẹni tó ń fọ nǹkan lẹ́nu ẹ̀rọ omi, ẹni tó fi fóònù sí ṣájì tó tún ń fi sọ̀rọ̀, kí gbogbo wọn dúró ná.”

Bọ̀ọ̀dá fa wáyà náà yọ bí ẹni tó ṣèèṣì di ejò mú. “Ìyá Ariwo, ṣé o gbọ́? Ìjọba ti fún wa ní họlidé.”

“Dígí wá ńkọ́?” Àǹtí béèrè. Ohùn rẹ̀ ti rọ̀ díẹ̀. “Ṣé kí n ṣí i?”

“Ẹ bò ó, ẹ má bò ó, bákan náà ni, mà. Ẹ kàn má dúró ti fèrèsé irin yẹn.”

Àǹtí wo fèrèsé, ó rọra sún kúrò níbẹ̀, ó ṣe bí ẹni pé àga ló ń wá.

Òjò dé. Gbogbo wa jókòó sí àárín ilé, aṣọ sì ń lu ara wọn lókè bí ẹni ń pàtẹ́wọ́. Nọ́ọ̀sì náà yíjú sí mi.

“Ìwọ tó ń fọ aṣọ, nígbà ọyẹ́, ṣé aṣọ máa ń dún tá-tá-tá lọ́wọ́ ẹ, tí irun ọwọ́ á dìde?”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Tí mo bá ń yọ náílọ́ọ̀nù kúrò lára aṣọ pólísítà ní oṣù Kejìlá, ó máa ń ta mí níka.

“Iná nìyẹn. Kékeré ni. Nínú ìkùukùu lókè, yìnyín wẹ́wẹ́ ló ń fara gbo ara wọn, bí náílọ́ọ̀nù yẹn ṣe ń gbo aṣọ. Iná á máa kó jọ síbẹ̀, títí ìkùukùu ò ní gbà á mọ́. Á wá máa wá ilẹ̀ bọ̀. Ohun tó bá ga tó sún mọ́ ọn ló máa ń gbà, igi, ọ̀pá, èèyàn tó dá dúró láàárín pápá. Tí o bá ti ń gbọ́ àrá, ó ti lè dé ọ̀dọ̀ ẹ nìyẹn, kódà kí òjò má tíì kán. Wọlé. Tó bá sì ti dákẹ́, dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn èyí tó sán kẹ́yìn, kó o tó jáde.”

“Igi ńkọ́?”

Ohùn mi ni. Bọ̀ọ̀dá yí gbogbo ara padà láti wò mí.

“Kí ni igi ṣe?” nọ́ọ̀sì náà béèrè.

“Ẹni tó bá sá sábẹ́ rẹ̀.”

“Há, ibẹ̀ ló burú jù. Àrá á bá igi, á wá fò sára onítọ̀hún. Kò sí ohun tí ẹni náà ṣe. Ibi tó dúró sí ni.”

Kò sí ohun tí ẹni náà ṣe. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò ń rọ̀. Igi màńgòrò yẹn nìkan ló ga ní gbogbo oko wa. Ọdún méjìlá ni mo ti ń wá gbólóhùn yìí fún ìyá mi, ọmọbìnrin tó tó mi lọ́jọ́ orí, tó wá gba aṣọ, ló wá mú un bọ̀. Ó ṣe mí bíi kí n dìde lójú ẹsẹ̀, kí n pe fóònù.

Nígbà tí òjò dá, Àǹtí àti Bọ̀ọ̀dá lọ wo gọ́tà níwájú. Nọ́ọ̀sì náà ń ṣọ́ aago rẹ̀, ó ń ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tirẹ̀. Ó ku èmi àti òun.

“Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́.”

“Má pè mí ní àǹtí, ẹgbẹ́ ni wá.”

Mi ò mọ ohun mìíràn tí mo lè pè é. “Ẹni tí àrá bá sán lù, ṣé wọ́n lè fọwọ́ kàn án?”

“Kí ló máa ṣe tí wọn ò ní fọwọ́ kàn án?”

“Wọ́n ní ó ń ran èèyàn.”

“Rárá o. Iná yẹn ti kọjá lọ, kò dúró sínú ara. Kí wọ́n tètè fọwọ́ kàn án ni.” Ó ní ohun tó sábà máa ń pa wọ́n ni pé ọkàn á dúró, èémí á dúró. “Tí àrá ò bá tún léwu níbi tó wà, tàbí tí wọ́n bá ti gbé e kúrò, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òmíràn á jí. Kì í ṣe gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n òmíràn á jí.”

Ó fa àpò aṣọ ìdọ̀tí kan sún mọ́ra, ó fi hàn mí. Ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan láàárín àyà, ọwọ́ kejì lórí rẹ̀, kí apá nà gbọọrọ. Tẹ̀ ẹ́ wọlé dáadáa, jẹ́ kó padà sókè, kíákíá, má dúró, kí ẹlòmíràn máa wá ìrànlọ́wọ́.

“Ìwọ náà, ṣe é.”

Mo tẹ̀ ẹ́.

“Ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣebí apá alágbàfọ̀ lo ní.”

Mo tún tẹ̀ ẹ́.

“Ẹ̀n-ẹ́n. Ta ló ṣẹlẹ̀ sí?”

“Ẹnì kan ní abúlé wa.”

“Ó kú?”

“Wọn ò fọwọ́ kàn án.”

Ó wò mí. Ó fẹ́ sọ nǹkan, fóònù rẹ̀ dún, wọ́n ń pè é síbi iṣẹ́. Ó kó yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, ó lọ. Mi ò mọ orúkọ rẹ̀ títí di òní.

Ohun méjì ló fi sílẹ̀ fún mi. Èkíní ni mo ti ń wá láti ọdún méjìlá. Èkejì, ká ní mo mọ̀, n kì bá tí béèrè. Láti ọ̀sán títí oòrùn fi wọ̀, èèyàn tó tó ogún ló dúró yí bàbá mi ká, ẹnikẹ́ni kò tẹ nǹkan kan. Mo ń fọ aṣọ, ọwọ́ mi á ṣàdédé dúró nínú omi. Mo wá pinnu: èkíní ni màá sọ fún ìyá mi. Èkejì, èmi nìkan ni màá mọ̀ ọ́n.

Kí ọjọ́ Àìkú tó pé, òjò tún ṣú ní ọjọ́ Ẹtì. Àǹtí ti gbàgbé, tàbí kò kúkú gbà gbọ́.

“Pupa!”

Mo dúró síbi tí mo wà.

“Ṣé o ò gbọ́ ni?”

“Mo gbọ́, mà.”

“Lọ nígbà náà.”

“Mi ò lọ, mà.”

“Yéè!” Bọ̀ọ̀dá ju àkísà tó fi ń nu áyọ́nù sókè. “Ìyá Ariwo ti lanu! Ẹ bá mi pe àwọn oníròyìn!”

“Ìwọ, gbé ẹnu ẹ dákẹ́,” Àǹtí sọ fún un. Ó kọjú sí mi. “Gáùn ìyàwó wà lókè, pupa, wọ́n ń bọ̀ wá gbà á lọ́la. Tó bá bàjẹ́, ṣé ìwọ lo máa wọ̀ ọ́ lọ fún wọn ní ṣọ́ọ̀ṣì? Yàgò. Èmi gan-an máa lọ.”

Mo na apá mi méjèèjì, mo dí ẹnu àtẹ̀gùn.

“Bàbá mi ni àrá pa.”

Bọ̀ọ̀dá bẹ̀rẹ̀, ó mú àkísà rẹ̀ nílẹ̀.

“Bàbá tìẹ?” Àǹtí béèrè.

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Lábẹ́ igi, lójú mi. Ẹ má lọ, mà.”

Àǹtí sún sẹ́yìn ní ìṣísẹ̀ kan. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnu àtẹ̀gùn ló ń kúrò. Ìgbà tó yá ló yé mi. Mo mọ ìṣísẹ̀ yẹn dáadáa, mo ti rí i lẹ́sẹ̀ àwọn obìnrin abúlé wa. Bọ̀ọ̀dá wo ilẹ̀. Àrá sán lókè, fèrèsé gbọ̀n, kò ba nǹkan kan jẹ́. Nígbà tó ti dákẹ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo gòkè. Gáùn náà ti já bọ́ sínú omi ẹlẹ́rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo tún un fọ̀, mo fi fáànù gbẹ ẹ́, wọ́n gbà á lọ́jọ́ kejì, wọn kò sì mọ nǹkan kan.

Àǹtí kò pariwo mọ́ mi lẹ́yìn ìyẹn. Kò rán mi lókè mọ́ tí òjò bá ṣú. Àfi pé tó bá fẹ́ fún mi ní ọṣẹ tàbí kọ́kọ́rọ́, orí tábìlì ló ń gbé e lé, èmi á wá mú un. Ariwo rẹ̀ wù mí ju ìyẹn lọ.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo gòkè lọ sórí òrùlé. Ojú ọ̀run mọ́. Mo pe ìyá mi, mo sì sọ ọ́ láìdánudúró, bí ọmọ tó há iṣẹ́ rẹ̀ sórí fún olùkọ́: ìkùukùu, yìnyín, náílọ́ọ̀nù, igi tó ga.

“Màámi, àrá kì í wá olè. Kò mọ ẹni tó ń jẹ́ olè. Igi ló wá. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró síbẹ̀ ló máa pa. Bàbá ò kó kajú.”

“Mo mọ̀ pé kò kó o.”

“Ẹ mọ̀?”

“Àpò kajú méjì? Bàbá rẹ tí ẹ̀yìn ń dùn? Ta ló ń gbé ẹrù rù ú láti ìgbà tí mo bí ọ? Àpò kan ṣoṣo, tí n kò bá sí nílé, yóò jókòó tì í ni títí màá fi dé.” Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. “Mi ò tilẹ̀ fi ọjọ́ kan rò ó.”

Mo jókòó sórí kọnkéré. Gbogbo ọdún tí mo ti ń gbé ẹrù yẹn fún un, kì í ṣe ẹrù rẹ̀.

“Nọ́ọ̀sì tó o wí yẹn,” ìyá mi ní.

“Ẹ̀n, Màámi.”

“Ṣé ó sọ fún ọ bóyá wọ́n lè fọwọ́ kàn án?”

Ó yẹ kí n ní rárá. Ó yẹ kí n ní mi ò béèrè. Méjèèjì wà lẹ́nu mi, èyíkéyìí kò jáde. Mo gbọ́ tí adìyẹ kan ń ké lẹ́yìn rẹ̀. Mo gbọ́ èémí rẹ̀.

“O ti dákẹ́,” ó ní.

“Màámi, ẹ jẹ́ kí n…”

“Èmi ni mo fà ọ́ padà. Aṣọ rẹ ya.”

“Ẹ ò mọ̀ nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó mọ̀.”

“Ṣé o ti jẹun?”

“Mo ti jẹun.”

“Ó dáa. Ó dàárọ̀ o.”

Ọ̀sán gangan ni.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀lé e, kò gbé fóònù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí i, ó gbé e, ó ní òun wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì pa á. Mo dá ara mi lẹ́bi lójoojúmọ́. Ẹnu tí kò lè sọ òtítọ́ ni ẹnu mi, kò sì tún lè parọ́. Nígbà tó bá ku èmi nìkan nílé àgbàfọ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, màá gbé fóònù, màá wo nọ́ńbà rẹ̀, màá gbé e sílẹ̀.

Ní ọjọ́rú kan, ọwọ́ mi wà nínú ọṣẹ nígbà tí fóònù dún. Òun ni. Kì í pè mí, èmi ni mo máa ń pè é.

“Tí wọ́n bá ti wá fọwọ́ kàn án,” ó ní, kò tilẹ̀ kí mi, “kí ni wọ́n ń ṣe?”

“Màámi, ẹ fi í sílẹ̀.”

“Mò ń bi ọ́ ni. Òjò ti ń le níbí. Àwọn ọmọdé ń bá òbí wọn lọ sóko.”

Mo nu ọwọ́ mi sára yẹ̀rì. Mo wọ yàrá, mo ti ilẹ̀kùn. Mo sọ fún un bó ṣe máa ṣe fóònù rẹ̀ tí ohùn mi á fi jáde síta, kó lè gbé e sílẹ̀. Mo ní kó mú ìrọ̀rí rẹ̀ tó le.

“Mo ti tẹ́ ẹ sílẹ̀.”

“Ẹ kúnlẹ̀ tì í. Ìdí àtẹ́lẹwọ́ yín láàárín, ọwọ́ kejì lórí rẹ̀. Kí apá yín nà.”

“Orúnkún mi yìí. Ẹ̀n. Ó ti nà.”

“Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ẹ jẹ́ kó padà sókè. Ó le ju bẹ́ẹ̀ lọ, Màámi. Ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin.”

Mo ń gbọ́ ìrọ̀rí náà, ó ń dún fù, fù, fù. Mo kà á dé ọgbọ̀n, mo tún bẹ̀rẹ̀. Àǹtí ń pè mí láti iwájú, n kò dáhùn. Mo kà á dé ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kẹta.

“Apá ń ro mí,” ìyá mi ní. Èémí rẹ̀ ti ń sáré.

“Ó máa ń roni. Wọ́n ní kéèyàn má dúró, àfi tí ẹlòmíràn bá gbà á lọ́wọ́ ẹni.”

“Kò sí ẹlòmíràn níbí,” ó ní. “Máa kà á lọ.”

Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀kan.